Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Fídíò Àtijọ́ Tí Àwòrán Rẹ̀ Kò Dáa Mọ́

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí làwọn èèyàn máa ń bi wá jù ní Ilé-Ifẹ̀, láti Lágéré dé Mọ́ọ̀rè, láti Sábó dé Mọdákẹ́kẹ́. Fídíò VHS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kásẹ́ẹ̀tì, nìkan la ń sọ. Betamax, irú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn láyé ijọ́un, àti kásẹ́ẹ̀tì kékeré inú kámẹ́rà ní ìtọ́jú tiwọn lọ́tọ̀.

Ṣé ó ṣì yẹ kéèyàn náwó lé fídíò lórí láyé ìsinsìnyí?

Ó yẹ, bí kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní èkejì bá wà nílé yín. Fíìmù tí wọ́n tà káàkiri ọjà, ẹ lè rí i níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó bàbá àti ìyá yín, ìkómọjáde, òkú ìyá àgbà, ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n gboyè nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì ń jẹ́ University of Ife kí wọ́n tó fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè é lọ́dún 1987, ọdún Ọlọ́jọ́ kan nígbà ayé Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé: inú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n wà. Ohùn àwọn tó ti lọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ilé iṣẹ́ Funai ní Japan ló ṣe fídíò VHS ìkẹyìn, oṣù Keje ọdún 2016 ni wọ́n sì dáwọ́ dúró. Tuntun kò sí mọ́. Èyí tó wà nílé yín ni kẹ́ ẹ tọ́jú, pàápàá bó bá jẹ́ èyí tí kò ju kó ní ìdọ̀tí nínú lọ.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó gbà pé fídíò ti bàjẹ́?

Ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré ló ń ṣe wàhálà, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló ní àìsàn, kì í ṣe fídíò. Bí gbogbo wọn bá rí bákan náà, ẹ pààrọ̀ wáyà tó lọ sára tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ sì gbé fídíò lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n mìíràn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tán lẹ tó lè mú sukudíráfà.

Kásẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa fi dán fídíò wò kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó ṣe iyebíye sí yín. Fídíò tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè jẹ kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó bá kó sí i lẹ́nu. Fíìmù àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wò mọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é.

Tẹlifíṣọ̀n kàn ń ṣe búlúù, kò sí àwòrán rárá. Ibo ni kí n wò?

Ẹ wo wáyà AV ná. Yẹ́lò ló ń gbé àwòrán, funfun àti pupa ló ń gbé ohùn. Ibi tí wọ́n kọ OUT sí lẹ́yìn fídíò lẹ ó ti mú un, ibi tí wọ́n kọ IN sí lára tẹlifíṣọ̀n lẹ ó kì í bọ̀. Bí ihò ohùn bá jẹ́ ẹyọ kan péré lára fídíò yín, fídíò olóhùn kan ni, kò sí nǹkan tó ṣe é. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìsinsìnyí lè ní ihò wínníwínní kan ṣoṣo fún AV, wáyà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ sì ni kẹ́ ẹ lò, torí ètò inú wáyà wọ̀nyí kò rí bákan náà láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Source tàbí Input lórí rìmóòtù títí ẹ ó fi kan AV.

Bó bá jẹ́ wáyà eriali lẹ fi so ó, fídíò ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde lórí ìkànnì UHF kan tó máa ń wà ní sàkáání 36. Ẹ gbọ́dọ̀ wá ìkànnì náà lórí tẹlifíṣọ̀n lábẹ́ Analog, kì í ṣe lábẹ́ Digital.

Ohun kan tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà rèé: tẹlifíṣọ̀n mìíràn, àti fídíò mìíràn pàápàá, máa ń fi búlúù bo ojú àwòrán tí kò lágbára. Ẹ ó rò pé kò sí nǹkan kan tó ń jáde, bẹ́ẹ̀ àwòrán wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń jà. Ẹ gbé e lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá àtijọ́ kẹ́ ẹ lè rí ohun tó ń ṣe é gan-an.

Tokunbọ̀ láti London ni fídíò mi. Àwòrán rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ariwo ṣáá ló wà níbi tó yẹ kí ohùn wà.

Kò bàjẹ́. PAL, ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ni àwa àti wọn jọ lò, ṣùgbọ́n nínú wáyà eriali, mẹgahẹ́ẹ̀tì 6 ni wọ́n fi ohùn jìnnà sí àwòrán lọ́dọ̀ wọn, 5.5 ni tiwa. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ yìí ń wá ohùn níbi tí kò sí. Fídíò mìíràn ní bọ́tìnnì kékeré lẹ́yìn tí wọ́n kọ I àti B/G sí. Ẹ yí i sí B/G. Bí kò bá ní, ẹ lo wáyà AV, ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn ará wa fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Bí mo bá fi sí i, àwòrán ń yí, kò sì ní àwọ̀.

NTSC ni ètò àwòrán ti Amẹ́ríkà, PAL ni tiwa. Kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì jọra lójú, wọ́n sì wọ inú fídíò kan náà, ṣùgbọ́n ìlà 525 ló wà nínú àwòrán tiwọn, 625 ló wà nínú tiwa, yíyára wọn kò sì dọ́gba. Ẹ wo iwájú fídíò yín bóyá wọ́n kọ NTSC Playback sí i. Bí kò bá sí, ẹ wá fídíò tó ní in. Kò sí hẹ́ẹ̀dì, ẹnu kékeré inú fídíò tó ń ka téèpù, tẹ́ ẹ lè fọ̀ tó máa yí èyí padà.

Bó bá jẹ́ fídíò ara rẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan án. Bó bá jẹ́ 120V, iná wa máa sun ún lójú ẹsẹ̀. Ó nílò tiransifọ́mà tó ń dín iná kù.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń jó ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ṣé àìsàn ni?

Rárá o. Ibi tí hẹ́ẹ̀dì kan ti ń fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́ ni. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ra fídíò. Férémù tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ló ń bò ó. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ń fi gbogbo àwòrán hàn, ìdí rèé tẹ́ ẹ fi ń rí i báyìí. Ẹ má tú fídíò torí rẹ̀.

Ọ̀já funfun kan là àwòrán kọjá, tàbí ó ń rìn lọ sókè sódò.

Tracking ni. Lára etí ìsàlẹ̀ téèpù, àmì kan wà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmì yìí ló ń sọ fún fídíò ibi tí ìlà àwòrán kọ̀ọ̀kan wà. Bí fídíò tó gba àwòrán náà sílẹ̀ nígbà yẹn àti èyí tó ń fi í hàn lónìí kò bá ṣe déédéé, hẹ́ẹ̀dì á máa gba àárín ìlà méjì kọjá.

Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ Tracking + tàbí – díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró wò ó lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀já náà bá ń rìn láìdúró, tí Tracking kò sì mú un, ẹ nu hẹ́ẹ̀dì tó ń ka àmì yẹn. Òun àti hẹ́ẹ̀dì ohùn jọ wà nínú páálí irin kékeré kan náà, ní apá ọ̀tún dúrọ́ọ̀mù, agolo irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ.

Òjò funfun bo gbogbo àwòrán, ṣùgbọ́n ohùn mọ́ gaara.

Ìdọ̀tí ti dí hẹ́ẹ̀dì àwòrán. Ohùn mọ́ torí pé hẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, kì í yí. Ti àwòrán wà lára dúrọ́ọ̀mù, agolo irin dídán tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan láàárín ẹ̀rọ. Fífẹ̀ dúrọ́ọ̀mù náà jẹ́ mìlímítà 62, ó sì ń yí ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìlà àwòrán tí hẹ́ẹ̀dì ń tọ̀ lára téèpù kò fẹ̀ ju máíkírómítà 49 lọ (ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan), irun orí èèyàn sábà máa ń nípọn jù ú lọ. Èyí ló fà á tí erùpẹ̀ ọyẹ́, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ìyẹ̀fun tó ń ré bọ́ lára téèpù gbígbó fi lè pa àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé wá fún àtúnṣe. Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ti gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Báwo ni mo ṣe lè fọ hẹ́ẹ̀dì fúnra mi láì bà á jẹ́?

Ẹ yọ kásẹ́ẹ̀tì jáde, ẹ pa fídíò, kẹ́ ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Ẹ tú síkúrù ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé ìdérí òkè kúrò. Ọwọ́ yín kò gbọ́dọ̀ kan apá ibi tí iná ń gbà wọlé: bó ti wù kí púlọ́ọ̀gì ti kúrò, kàpásítọ̀ ńlá ibẹ̀ lè di iná tó ju fóòtì 300 mú fún ìgbà díẹ̀.

Sípíríìtì tí wọ́n ń pè ní isopropyl ló dáa jù, èyí tí kò ní omi púpọ̀ nínú. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń ní in lọ́wọ́. Ti kẹ́míísì tí wọ́n fi ń nu ojú egbò ní omi jù, bó bá sì jẹ́ òun lẹ rí, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó tan fídíò. Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti tínà kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá. Ẹ gé bébà funfun tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, kó fẹ̀ tó ìka méjì, kẹ́ ẹ fi sípíríìtì rin ín.

Ẹ rọra fi ìka kan gbé bébà náà lé ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù, kó kàn fara kàn án lásán. Ẹ jẹ́ kí ìka yẹn dúró sójú kan. Ọwọ́ kejì ni kẹ́ ẹ fi máa yí dúrọ́ọ̀mù láti orí rẹ̀, jẹ́jẹ́, ní ìgbà bíi mélòó kan. Bébà á dúdú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ tún ṣe é títí yóò fi máa jáde ní funfun.

Ẹ má nù ún sókè sódò láéláé. Ẹnu hẹ́ẹ̀dì yẹn kéré, ó sì ń kán. Ẹ má sì fi òwú sí i lára. Fọ́nrán òwú á há mọ́ ọn, á sì fà á ya. Òwú dára fún àwọn tó kù: hẹ́ẹ̀dì ohùn, hẹ́ẹ̀dì ìparẹ́, àwọn òpó tí téèpù ń gbà kọjá, ọ̀pá irin tó ń fa téèpù àti rọ́bà dúdú tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi kásẹ́ẹ̀tì tí kò níye lórí dán an wò.

Ṣé kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà fún fífọ hẹ́ẹ̀dì kò tó?

Èyí tó gbẹ ń há hẹ́ẹ̀dì ni, bíi yanrìn tó ń há ìkòkò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ tí kò sí ọ̀nà mìíràn, a lè fara mọ́ ọn. Kó máa di ti gbogbo oṣù, hẹ́ẹ̀dì á jẹ tán. Bébà àti sípíríìtì ni tèmi.

Mo ti fọ̀ ọ́ dáadáa, kò yí padà.

Hẹ́ẹ̀dì méjì ló ń pín àwòrán ṣe. Bó bá jẹ́ pé àwòrán wà, ṣùgbọ́n tó ń ṣẹ́jú tí òjò sì ń fọ́n sínú rẹ̀, ọ̀kan ló kú, ọ̀kan ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi bébà tútù sí ojú hẹ́ẹ̀dì náà gan-an fún ìgbà díẹ̀ kí ìdọ̀tí líle lè rọ̀. Mo ti rí èyí tó jí ní ìfọ̀ kẹta.

Fídíò oníhẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ní àyẹ̀wò kan tó dùn mọ́ mi. Ó ní hẹ́ẹ̀dì tó ń lò fún SP (téèpù tó ń rìn ní ìyára tó wọ́pọ̀), ó ní èyí tó ń lò fún LP (téèpù tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ kó lè pẹ́). Bí kásẹ́ẹ̀tì SP bá ń hó tí ti LP sì mọ́, ẹ ti mọ ibi tó ti bàjẹ́. Bí ẹnu hẹ́ẹ̀dì bá ti kán tàbí tó jẹ tán, dúrọ́ọ̀mù látara fídíò òkú irú kan náà lẹ ó wá. Ẹ sàmì sí bó ṣe wà kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Iṣẹ́ ẹni tó mọ ìṣóódà ni, torí náà bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ẹ gbé e fún ẹni tó ti ṣe é rí.

Òkè àwòrán tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí gbogbo èèyàn wọ́.

Téèpù ò le tó, tàbí ó le jù, bó ṣe ń bọ̀ látọwọ́ òsì. Okùn irin pẹlẹbẹ kan wà tó yí ìdí róòlù òsì ká, aṣọ fẹ́líìtì wà nínú rẹ̀. Òun ló ń di téèpù mú díẹ̀ kó má sáré wọlé. Bí aṣọ yẹn bá ti ṣí tàbí tó kún fún ọ̀rá, àwòrán á tẹ̀ lókè. Kásẹ́ẹ̀tì tí oòrùn ti pa, bíi èyí tí wọ́n gbàgbé sínú mọ́tò, náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú fídíò tó dáa.

Tẹlifíṣọ̀n tuntun kì í sì í ní sùúrù fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó lórí èyí àtijọ́. Bó bá dúró ṣánṣán níbẹ̀, ẹ fi ìdí róòlù sílẹ̀.

Òjò wà ní òkè nìkan, tàbí ní ìsàlẹ̀ nìkan, Tracking kò sì gbé e kúrò.

Òpó méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń gbé téèpù yí i ká. Ti òsì ló ni òkè àwòrán, ti ọ̀tún ló ni ìsàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n jókòó dé ibi tó yẹ bí kásẹ́ẹ̀tì bá ń ṣiṣẹ́. Gírísì tó ti gan lójú ọ̀nà wọn lè máà jẹ́ kí wọ́n débẹ̀. Ẹ nu gírísì àtijọ́ náà kúrò, kẹ́ ẹ fi tuntun tín-ín-rín sí i.

Bí wọ́n bá jókòó dáadáa, tí òjò ṣì wà níbẹ̀, òpó náà ti yí kúrò níbi tí ilé iṣẹ́ fi í sí. Orí rẹ̀ ní ojú tí wọ́n fi ń yí i. Kásẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé ó dáa ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sàmì sí ibi tó wà, kẹ́ ẹ sì yí i díẹ̀ báyìí, ìdá mẹ́jọ ìyíká kan, kẹ́ ẹ tún wò ó. Ẹni tó bá yí i torí kásẹ́ẹ̀tì burúkú kan ti ba ti gbogbo kásẹ́ẹ̀tì yòókù jẹ́.

Nǹkan funfun bíi ìyẹ̀fun wà lára téèpù. Ṣé kí n fi sí i bẹ́ẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí i. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti bu ni. Òjò ilẹ̀ wa àti inú àpótí tí afẹ́fẹ́ kì í dé ló ń fà á. Bó bá wọ fídíò, á dí hẹ́ẹ̀dì, á sì ran gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ gba ojú gíláàsì wo róòlù méjèèjì kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó kì í bọnú fídíò. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni.

Ẹ bo imú yín, ìta gbangba sì ni kẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, torí eruku yẹn kò dára fún àyà. Ẹ kó kásẹ́ẹ̀tì síbi gbígbẹ tó ní afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kì í ṣe sínú oòrùn. Síkúrù márùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ fi aṣọ tí kò ní fọ́nrán àti sípíríìtì díẹ̀ nu ẹ̀gbẹ́ téèpù tó wà lórí róòlù. Lẹ́yìn náà, ẹ kó róòlù méjèèjì sínú páálí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó mọ́.

Fídíò kan tí kò níye lórí ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí: ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ máa fi í yí téèpù lọ yí i bọ̀ bí ẹ ti ń nù ún. Tẹ́ ẹ bá ti fi hàn lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ ti máa gbà á sórí kọ̀ǹpútà nígbà kan náà.

Fídíò ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì.

Rọ́bà ni. Bí róòlù ọ̀tún kò bá ká téèpù tó ń jáde látinú ẹ̀rọ, téèpù á dà sínú rẹ̀ jánganjàngan. Táyà kékeré tó ń yí róòlù ti le, ó ń yọ̀. Tàbí bẹ́líìtì ti fẹ̀. Ẹ fi sípíríìtì nu táyà náà àti ibi tó ń fara kàn, ẹ fi bébà yanrìn wẹ́wẹ́ fá ojú dídán rẹ̀ díẹ̀. Èyí á fún yín láyè ìgbà díẹ̀, kì í ṣe títí ayé. Tuntun ni kẹ́ ẹ wá.

Rọ́bà dúdú tó ń tẹ téèpù mọ́ ọ̀pá irin náà lè jẹ̀bi: bí apá kan rẹ̀ bá ti jẹ ju èkejì lọ, á máa ti téèpù sókè tàbí sísàlẹ̀, etí téèpù á sì máa ká kò. Etí ìsàlẹ̀ tó bá ti ká kò ti pàdánù àmì Tracking rẹ̀ nìyẹn.

Téèpù há sínú rẹ̀, Eject kò ṣiṣẹ́. Ṣé kí n fà á?

Ẹ má fà á. Ẹ yọ iná, ẹ ṣí ìdérí. Mọ́tò tó ń gbé téèpù wọlé ní gíà tàbí bẹ́líìtì tẹ́ ẹ lè fi ọwọ́ yí. Ẹ yí i jẹ́jẹ́ síhà tí àwọn òpó méjèèjì á fi máa padà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti padà, ẹ fi ìka yọ téèpù lára dúrọ́ọ̀mù láì fi èékánná kàn án, kẹ́ ẹ máa yí i lọ títí kásẹ́ẹ̀tì á fi gòkè.

Ìdérí iwájú kásẹ́ẹ̀tì ní bọ́tìnnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ṣí i. Ihò kan wà láàárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ ẹ bá ki nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, róòlù á tú, ẹ ó sì lè ká téèpù tó ta jáde padà.

Ó ń gba kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ń pọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ṣé ẹ ti ṣí ìdérí rẹ̀, tẹ́ ẹ sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá fèrèsé? Ohun tó ṣe é nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin téèpù mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, fídíò sì ní ojú lọ́tùn-ún àti lósì tó ń wo ìmọ́lẹ̀ yẹn kó lè mọ̀ pé téèpù ti tán. Bí oòrùn tàbí gílóòbù bá tàn sí ojú wọ̀nyí, fídíò á rò pé téèpù ti dópin. Ẹ fi páálí bò ó lórí kẹ́ ẹ tún gbìyànjú. Èyí ti dààmú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gan-an.

Bí kò bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó kù sí bẹ́líìtì tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì wọlé, tàbí súìṣì kékeré lábẹ́ gíà tó ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tó dé. Ẹ̀tẹ́ẹ́rẹ́ bàbà inú súìṣì náà máa ń dúdú. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ nù ún. Kẹ́ ẹ tó yọ gíà èyíkéyìí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, torí bí eyín kan bá yẹ̀ péré, ẹ̀rọ kò ní gbà mọ́.

Ó ń fi DEW hàn, kò sì ṣe nǹkan kan.

Ìrì ti sẹ̀ sára dúrọ́ọ̀mù. Ó wọ́pọ̀ ní Ifẹ̀ nígbà òjò, tàbí bẹ́ ẹ bá gbé fídíò jáde láti yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Téèpù á lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù tútù, á sì ya, ìdí tó fi kọ̀ nìyẹn. Ẹ tan án sílẹ̀ láìsí kásẹ́ẹ̀tì fún bíi wákàtí méjì.

Láti ọjọ́ tí NEPA ti mú iná lọ tó sì dá a padà, ìlà wẹ́wẹ́ ń sáré lórí àwòrán. Tàbí kò tan mọ́.

Ẹ wo páálí iná. Kàpásítọ̀ ibẹ̀ ń gbẹ bí ọdún bá ti pọ̀ lórí rẹ̀, iná tó wá gùdù ló wá ń parí ọ̀rọ̀. Èyí tí orí rẹ̀ bá wú tàbí tí omi jáde nídìí rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n òmíràn kú láì ṣàmì kankan. Bẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, iye µF tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu, fóòtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ tàbí kó jù ú lọ, kẹ́ ẹ sì mú èyí tí wọ́n kọ 105°C sí. Fíúsì tó jó ní ìdí tó fi jó. Ẹ má fi wáyà dì í.

Bí iná bá lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Sítábíláísà dára, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n bí iná bá wá gùdù.

Téèpù já. Ṣé ohun inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn?

Kò lọ. Ìwọ̀n ibi tó bàjẹ́ nìkan lẹ ó pàdánù, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kẹ́ ẹ fọ ọwọ́ kó gbẹ, ẹ gé ibi tó rún kúrò ní ṣánṣán, kẹ́ ẹ pa ẹnu méjèèjì pọ̀ láìfi èkejì lé èkíní lórí. Ẹ̀yìn téèpù, apá tí kò kan hẹ́ẹ̀dì, ni gọ́ọ̀mù máa wà, téèpù ìlẹ̀mọ́ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà sì ni kẹ́ ẹ lò. Sẹ́lótéèpù ilé ìwé á yọ́ gọ́ọ̀mù sára hẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà nísọ̀rí méjì, kẹ́ ẹ dá fídíò dúró kó tó kan ojú àsopọ̀.

Níbo la ti ń rí sípéà?

Fídíò òkú ni sípéà fídíò ààyè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Lágéré àti Sábó, ọ̀pọ̀ wọn ṣì tò wọ́n jọ lókè àjà. Ẹ mú nọ́ńbà ẹ̀yìn fídíò yín dání, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan. Bẹ́líìtì rọrùn: ẹ wọn gígùn rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀, kẹ́ ẹ mú èyí tó kéré ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀, torí ti àtijọ́ ti fẹ̀. Ẹ má fi rọ́bà ìdí owó rọ́pò rẹ̀. Á yọ́ sára gíà. Alábà ní Èkó la máa ń ránṣẹ́ sí bí gbogbo rẹ̀ bá di àwátì.

Àwòrán ti padà. Báwo ni mo ṣe lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà?

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ má dúró de ọdún Àjíǹde. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ní ihò yẹ́lò, funfun àti pupa lápá kan, USB lápá kejì. Ẹ yàn PAL nínú ètò rẹ̀, 720 × 576, férémù (ìyẹn àwòrán) 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ ẹ bá gbà á bíi ti DVD, wákàtí kan kò ní ju bíi gígábáìtì méjì lọ, ìyẹn ni pé kásẹ́ẹ̀tì E-180 oníwákàtí mẹ́ta á gbà bíi mẹ́fà.

Ẹ kọ́kọ́ sáré yí kásẹ́ẹ̀tì lọ sópin, kẹ́ ẹ yí i padà, kí téèpù lè tú ara rẹ̀. Ẹ ṣètò Tracking kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lo bátìrì kọ̀ǹpútà, kí iná tó bá lọ má baà gé e. Fídíò náà, ẹ so ó mọ́ inverter bẹ́ ẹ bá ní. Bí àwòrán bá ń tàn tó ń ṣókùnkùn léraléra, fíìmù tí wọ́n dí lọ́nà àdàkọ ni, fídíò yín kò bàjẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ń dá gbígbà dúró ní gbogbo ibi tí téèpù ti rẹ̀, ẹ gba inú ẹ̀rọ tó ń gba DVD sílẹ̀ kọjá bẹ́ ẹ bá lè yá ọ̀kan: fídíò sínú rẹ̀, òun sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń tún àwòrán tó ń gbọ̀n tò kó tó jáde.

Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ àti ọdún sára fáìlì nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì jókòó tì yín, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tó ń gbé ìlú mìíràn. Kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹ yí i padà síbẹ̀rẹ̀, ẹ kán eyín kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e, kẹ́ ẹ sì gbé e dúró lóòró síbi gbígbẹ, jìnnà sí sípíkà.